Ihò Kékeré, Ọgbẹ́ Inú

Bí wọ́n bá fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ abẹ ilé ọmọ, tí obìnrin padà sílé lọ́jọ́ kejì, a máa ń ní, "Ihò abẹ́rẹ́ lásán ni."

Ní oṣù kẹta 1847, ní ìlú Vienna, ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ha dókítà Kolletschka lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò. Ọgbẹ́ tí kò tó nǹkan yẹn ló pa á. Dókítà Semmelweis, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá rí i pé irú ibà tó ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ni. Àwọn dókítà a máa ti ìdí òkú wá gbẹ̀bí! Ó ní kí wọ́n máa fi omi kúlórínì fọwọ́. Ní oṣù kẹrin, ìyá bí 18 nínú 100 ló kú. Ní oṣù kẹfà, bí 2 péré. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò gbà á gbọ́.

Ní 1988, Harry Reich ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà yọ ilé ọmọ láti ihò kékeré. Òótọ́ ni pé ọgbẹ́ ti òde kì í sábà kẹ̀ bíi ti abẹ ńlá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ, wọ́n rán an nínú lọ́hùn-ún, ojú yín kò tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí álọ́ọ̀mù fọ abẹ́ dénú. Bí ara bá gbóná, bí omi olóòórùn bá ń jáde, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dun yín sí i dípò kó dín, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ní kó di àárọ̀: láti Akobo dé UCH ní Ọ̀rítamẹ́fà kò jìnnà lóru.