Ta Ni Yóò Jogún Wọn? Ìtàn Ibùgbé Àwọn Àgbàlagbà Tí Ó Ní Ìpèníjà Òye ní Ìlú Geel

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ tí òye rẹ̀ kò gbé ẹ̀kọ́ bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí yóò lọ ni àwa olùkọ́ sábà máa ń bèèrè. Ibi tí yóò máa gbé nígbà tí ó bá pé ọgọ́ta ọdún, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti kú, kì í wá sí wa lọ́kàn. Ìtàn ìlú Geel ní ilẹ̀ Belgium ni a fẹ́ fi yẹ ìbéèrè yìí wò nínú iṣẹ́ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àìsàn ọpọlọ lè dé bá ẹni tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, ó sì lè lọ. Ìpèníjà òye kì í ṣe àìsàn. Láti inú oyún tàbí láti kékeré ni ó ti ń bá ènìyàn bọ̀. Èdè wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí a kì í pe dìndìnrìn ní wèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, tí kò sì yẹ kí a gbọ́ wọn lẹ́nu olùkọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Geel, Dymphna jẹ́ ọmọbìnrin ọba kan ní Ireland. Orí bàbá rẹ̀ dàrú, ó sì fẹ́ fi ọmọ náà ṣe aya. Dymphna sá dé Geel, níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ sì ti pa á. Ìjọ Àgùdà sọ ọ́ di ẹni mímọ́ tí í ṣe alábòójútó àwọn tí orí wọn kò pé. Ní 1349 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àwọn aláìsàn a máa wá gba àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú yàrá tí ó so mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Nígbà tí ibẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n sílé. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó ní ìpèníjà òye náà fi wà lára wọn, nítorí pé ìgbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ya irú àìpé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

A kò gbọdọ̀ fi àánú nìkan ka ìtàn yìí. Owó ni wọ́n ń san fún olùgbàlejò, iṣẹ́ oko sì ni ẹni àgbàtọ́ ń ṣe. Nígbà tí dókítà Esquirol láti ilẹ̀ Faransé ṣe àbẹ̀wò sí Geel ní 1821, ó rí i pé wọ́n de ẹ̀wọ̀n mọ́ àwọn kan. Ní 1850 ni ìjọba Belgium gba ètò náà lọ́wọ́ ìlú. Láti ìgbà náà ni dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń lọ láti ilé dé ilé, tí ilé ìwòsàn sì wà lẹ́yìn àwọn olùgbàlejò bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ nínú ètò yìí, lójú tiwa, ni bí ó ti ń ràn láti ìran dé ìran. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè wọ ilé àgbẹ̀ kan, kí wọ́n fún un ní yàrá, kí ó máa bá wọn jẹun lórí tábìlì kan náà, kí ó máa fún màlúù, kí ó sì máa mú àwọn ọmọ ilé lọ sí ilé ìwé. Àwọn ọmọ yẹn a dàgbà mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn òbí bá kú, ọmọ tí ó jogún ilé a jogún òun náà, tí í ṣe arúgbó nígbà náà. A rí àwọn tí wọ́n lo ohun tí ó ju 50 ọdún lọ ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sábà sọ orúkọ àìsàn tàbí àìpé ẹni náà fún olùgbàlejò. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù àti oúnjẹ tí kò lè jẹ.

Òǹkàwé lè rántí Aro ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi aláìsàn sí abúlé ní 1954. Ìjọra wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Aláìsàn ọpọlọ ni ó ń wá sí Aro, ẹbí rẹ̀ kan ń bá a gbé lábúlé, ó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójúmọmọ, ó sì ń padà sílé bí ara rẹ̀ bá yá. Ẹni tí kò ní àìsàn tí a fẹ́ wò kò ní ọjọ́ tí yóò padà. Orí ẹbí rẹ̀ nìkan ni a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé, pàápàá jù lọ ìyá rẹ̀.

Ní 1938, àwọn ẹni àgbàtọ́ ní Geel lé ní 3,700. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọn kò ju nǹkan bí 500 lọ, àwọn tí ó ní ìpèníjà òye sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn. Oko dín kù, àwọn obìnrin ń jáde lọ síbi iṣẹ́, oògùn àti irú ibùgbé mìíràn sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn ń gùn sí i. Ní 1949, ọdún 12 ni Penrose, onímọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fojú bù pé ẹni tí a bí pẹ̀lú Down syndrome lè lò láyé. Lónìí ó tó nǹkan bí 60, ṣùgbọ́n àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń tètè mú wọn ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, obìnrin ẹni ọdún 75 lè máa gbé ẹni ọdún 65 gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀ lálaalẹ́, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń gbé nínú fúláàtì kékeré ní ìlú mìíràn.

Ní 2023, àjọ UNESCO kọ ètò Geel sínú ìwé àwọn àpẹẹrẹ rere fún dídáàbò bo àṣà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin yẹn kò bá lè gbé e mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ẹni àgbàtọ́ rẹ̀ yóò lọ, láàárín àwọn tí kò mọ oúnjẹ tí kò lè jẹ.