Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Iye Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Ná Ilé Àkọ́kọ́

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Inú oko ni òwe yìí ti wá. Àgbẹ̀ tó ń ro oko mọ̀ pé èkúté kékeré kì í gbẹ́ ihò òkété, nítorí ihò tó bá gbòòrò ju ẹni tó ń gbé e lọ a máa fi àyè sílẹ̀ fún ejò. Ẹni tó ń ṣe ju agbára rẹ̀ lọ ni a sábà máa ń pa á fún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni "ìwọ̀n". Òwe náà kò ní kí eku má kọ́lé, kò sì ní kí ó há ara rẹ̀ mọ́ ihò tóóró. Ó ní kí ó wọ̀n ọ́n, ara eku fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi wọ̀n ọ́n. Ìdílé tó ń ra ilé àkọ́kọ́ nílò ìmọ̀ràn yìí lọ́jọ́ tí onílé bá pe iye kan, tó sì ń retí iye tí wọn yóò ná an.

Owó ọwọ́ ìdílé ni ara eku. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fi owó tí wọ́n tù jọ ra ilé, nítorí èlé ẹ̀yáwó ní àwọn báǹkì olówò ga púpọ̀. Ètò National Housing Fund, tí òfin 1992 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ń gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹni tó bá sì ń dá a lè tọrọ ẹ̀yáwó ilé tí èlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti ọjà. Bí owó náà bá ti ibẹ̀ wá tàbí láti inú àjọ, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni owó ilé. Kí a gbà pé 30 mílíọ̀nù náírà ni ìdílé kan ní. Wọ́n yọ mílíọ̀nù 3 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, ìkẹ́rù àti owó ilé ìwé ọmọ. Ó ku 27. Bí àgẹ́ǹtì àti lọ́yà bá gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí owó ìwé lọ́dọ̀ ìjọba sì jẹ́ ìdá 3, ilé tí 27 yìí lè rà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 23.8 lọ. Ẹni tí kò ṣe ìṣirò yìí yóò ná ilé ní 27, yóò wá lọ yá owó ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni a óò wo ilé náà fúnra rẹ̀. Iye tí wọ́n pè é kì í ṣe ẹ̀rí iye tó tó. Iye tí irú rẹ̀ tà ládùúgbò ni ẹ̀rí. Àwọn ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò sábà máa ń mọ ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà àti ohun tó gbé wọlé. Ó dára kí a lọ wo ilé lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí ọ̀nà, gọ́tà àti ẹsẹ̀ ògiri kò lè pa ìwà wọn mọ́. Òrùlé tó ń jò, ògiri tó lanu, kànga tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: owó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì yẹ kí kápẹ́ńtà tàbí bíríkìlà dá iye lé e kí a tó yọ ọ́ kúrò nínú iye tí irú ilé náà ń tà.

Ìwé ni ó ṣòro jù, òun náà ló sì ń yí iye padà jù. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó ní C of O, ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, pàápàá kò gbọdọ̀ ta ilé rẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí gómìnà. Nítorí náà, ilé oní-C of O àti ilé tí rìsíìtì ẹbí nìkan wà fún kò lè jẹ́ iye kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ fara kan ògiri ara wọn. Ti ilé ẹbí tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Federal Supreme Court ìgbà náà dájọ́ pé títà tí àwọn àgbà ẹbí ṣe láìsí olórí ẹbí kò dúró rárá, àti pé èyí tí olórí ẹbí dá ṣe láìsí wọn ṣeé fagi lé. Ilé tí àwọn aṣojú ìdí-igi, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò yẹ ní nínà, ì báà jẹ́ ìdajì owó ni wọ́n pè é. Ní Èkó, òfin ìdáàbòbò dúkìá ti 2016 ka fífi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ ń yọ ibẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà yìí, iye méjì ti wà nílẹ̀: ohun tí ilé tó àti ohun tí ọwọ́ ká. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni òpin. Bí irú ilé náà bá ń tà ní 24.5, tí òrùlé rẹ̀ yóò sì gba mílíọ̀nù 2, ilé yìí tó 22.5, òpin nìyẹn, bí apò tilẹ̀ gbé 23.8. Kí tọkọtaya kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé, kí àgẹ́ǹtì má sì gbọ́ ọ, nítorí bí iye bá ti ń ga ni owó tirẹ̀ náà ń ga. Bí onílé bá pè é ní 28, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti 20.5, kí wọ́n sì dárúkọ òrùlé àti ilé tó tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ẹni tó bá ná ọjà pẹ̀lú ìdí kì í múnú bí ọlọ́jà. Àfikún àkọ́kọ́ lè jẹ́ mílíọ̀nù kan, èyí tó tẹ̀ lé e ìdajì rẹ̀, lẹ́yìn náà 200,000, kí onílé fi ojú ara rẹ̀ rí i pé omi ti ń tán nínú kànga.

Bí ó bá gbà, owó kò tíì gbọdọ̀ jáde. Lọ́yà yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé wò níléeṣẹ́ ilẹ̀, ní Alausa fún ilé Èkó, sọ̀fíyọ̀ yóò sì wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá bá àbùkù níbẹ̀, ìnájà náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.