Ìtẹ̀ka àti Ìwádìí Ìwà fún Ẹni tó ń Tọrọ Ìwé Ọmọ Onílùú

Ní agbègbè ààlà wa, láti Ìlárò àti Ayétòrò títí dé Ìhùnbọ̀ àti Ìdírókò, ìbéèrè náà, "Ọmọ ibo ni ọ́?", kì í rọrùn láti dáhùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, wọn kò bi onílé léèrè. Ìlà tí wọ́n fà gba àárín mọ̀lẹ́bí kọjá. Àwọn tó wà ní Ìpókíà àti Ìhùnbọ̀ bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará wọn tó wà ní Ìfọ̀nyìn àti Ṣàkẹ́tẹ́ bọ́ sábẹ́ Faransé, wọ́n sì di ọmọ orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Síbẹ̀, a ṣì ń fẹ́ ìyàwó láti ọ̀hún, a ṣì ń ná ọjà wọn. Àwọn ọmọ wa mìíràn sì ti tàn dé Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto.

Níbikíbi tí ènìyàn bá ti fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú, ìwádìí ń dúró dè é, ìtẹ̀ka sì ti di ara ìwádìí náà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù ìtẹ̀ka náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìka lè sọ kò ju pé ẹni yìí ni ẹni tó ti fọwọ́ tẹ ìwé níjọ́sí. Ibi tí ó ti wá àti irú ìwà tó ń hù, àkọsílẹ̀ àti ẹnu àwọn aládùúgbò ló ń sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni kò bá ti bá àkọsílẹ̀ mu ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìka ń sọ

Láti inú oyún ni ìlà orí ìka ti ń yọ, kì í sì í yí padà títí ọjọ́ ikú, àyàfi bí ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ bá bà á jẹ́. A kò tíì rí ènìyàn méjì tí ìlà ìka wọn jọ délẹ̀délẹ̀. Kódà Táíwò àti Kẹ́hìndé tí ojú wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé fi ń ṣì wọ́n pè, ìka wọn yàtọ̀ síra.

Ní ọdún 1858, William Herschel, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, mú kí agbaṣẹ́ṣe kan tẹ ọwọ́ rẹ̀ sára ìwé àdéhùn kí ó má baà sẹ́ ẹ lọ́la. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Íńdíà méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, bá Edward Henry ṣètò bí a ó ṣe to ìka sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí a lè tètè rí èyí tí à ń wá. Ètò yìí ni àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1901. Àjọ tí a mọ̀ sí FBI lónìí ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ àkójọ tirẹ̀ ní ọdún 1924, ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 1999. Nítorí náà, ẹni tó tẹ̀ka ní orúkọ kan lónìí, tó sì fi orúkọ mìíràn padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹyọ ẹnì kan ni kọ̀ǹpútà yóò pè é.

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Kí ènìyàn tó máa tọrọ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó nílò láti tọrọ rárá. Abala 25 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí a bí lẹ́yìn odi Nàìjíríà, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ọmọ ìyá Ìhùnbọ̀ tí a bí ní Ìgòlò tàbí ní Pọ́bẹ̀ kò ní ohun tí yóò tọrọ. Ẹ̀rí pé ìyá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ló nílò.

Abala 26 fún obìnrin àlejò tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láǹfààní láti forúkọ sílẹ̀. Ó fún ẹni tó ti dàgbà, tí a bí ní òkèèrè, tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, láǹfààní kan náà. Kò fún ọkùnrin àlejò tó fẹ́ ọmọbìnrin wa ní irú ọ̀nà yìí.

Àlejò tí kò sí nínú àwọn wọ̀nyí yóò gba ọ̀nà abala 27. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé ní Nàìjíríà fún ọdún 15 léraléra, tàbí kí ó ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 12 léraléra kí ó tó kọ̀wé, kí ó sì ti lo ọdún 15 nínú ogún ọdún tó ṣáájú oṣù 12 náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà rere. Òfin tún fi kún un pé, lójú gómìnà ìpínlẹ̀, àwọn ará àdúgbò tí yóò máa gbé gbọ́dọ̀ gbà á, kí ìgbé-ayé wọn sì ti mọ́ ọn lára. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Kí àwọn bàbá wa tó fi ọmọ fọ́kọ, wọn a máa wádìí ìdílé ọkọ, wọn a rán alárinà lọ sí àdúgbò, wọn a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò ní èrè kankan níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ló ń gba ìwé ìtọrọ. Àwọn àjọ ààbò a sì yẹ ẹ̀yìn ẹni náà wò kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà fún ènìyàn 286: 208 gba ọ̀nà abala 27, 78 gba ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀. Ìwádìí kò sì parí síbẹ̀. Bí ẹni tó gba ọ̀nà abala 27 bá gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún méje, Ààrẹ lè gba ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 30 ti wí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN kì í ṣe ìwé ọmọ onílùú, bí a tilẹ̀ ń tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí a tó gbà á. Òfin ọdún 2007 tó dá àjọ NIMC sílẹ̀ gba àlejò tó ń gbé lọ́nà ẹ̀tọ́ láyè láti gbà á. Orílẹ̀-èdè Benin náà ti ń ka àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ka láti ọdún 2017. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan ní Ìdírókò, tó ń jẹ́ òmíràn ní Ìgòlò, ń kó ẹ̀rí jọ lòdì sí ara rẹ̀.

Ní òkè òkun

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní ìwé ìgbélùú fún ọdún márùn-ún, tàbí ọdún mẹ́ta bí ó bá ń bá ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gbé, lè kọ fọ́ọ̀mù N-400. Àjọ FBI a yẹ ìka rẹ̀ wò, wọn a wá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lábẹ́ ìbúra. Wọn a bi í bóyá ọlọ́pàá ti mú un rí. Ẹjọ́ tí adájọ́ tú ká pàápàá, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tó ti pẹ́ lè má dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n irọ́ tó pa nípa rẹ̀ lè dí i, kódà ó lè mú kí a gba ìwé náà padà lẹ́yìn tó ti gbà á. Ẹni tó ní ẹjọ́ lẹ́yìn, kí ó rí agbẹjọ́rò kí ó tó kọ̀wé, nítorí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan lè yọrí sí ìlélùú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba ìka, ó sì ń yẹ ìwà wò: ẹjọ́ ọ̀daràn, owó orí tí a kò san, àti ẹ̀tàn nínú ìwé ìrìnnà. Canada a máa béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ tí ẹni náà ti gbé láìpẹ́. Ti Nàìjíríà ń wá láti ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ti ọlọ́pàá, tó wà ní Alágbọn, Ìkòyí, ní Èkó, ìtẹ̀ka ni a sì fi ń ṣe é. Ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà kò pàdánù ìyẹn nítorí pé ó gba ti òkèèrè.

Ìka tó ti pa

Ọkọ́, gaàrí àti sìmẹ́ńtì a máa pa ìlà ìka rẹ́, ọjọ́ ogbó náà a sì máa bà á jẹ́. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sinmi ọwọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lọ, kí ó máa fi ìpara pa á. Bí ẹ̀rọ kò bá lè kà á lẹ́ẹ̀mejì ní Amẹ́ríkà, wọn a béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá gbogbo ìlú tí ó ti gbé ní àwọn ọdún tí òfin ń yẹ̀ wò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìbúra. Nígbà tí ìka bá dákẹ́, àkọsílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí ló ń sọ̀rọ̀.

Ojúṣe ìjọ àti àlùfáà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé ìjọsìn. Ọ̀pọ̀ àgbà wa kò ní ìwé ìbí, ìwé ìrìbọmi nìkan ni àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ní, a sì máa ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àtìlẹ́yìn. Nítorí náà, kí a pa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ ikán àti òjò, kí a má sì ṣe yí ọjọ́ kan padà nínú rẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Àlùfáà tí a bá ní kí ó kọ ìwé ẹ̀rí ìwà, ohun tó mọ̀ ni kí ó kọ: iye ọdún tó ti mọ ẹni náà, ibi tó ti mọ̀ ọ́n, àti ohun tó fojú rí. Ẹ̀rí èké kan ṣoṣo lè ba ẹ̀rí òtítọ́ tí a ó kọ fún ẹlòmíràn lọ́la jẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó ti ìwé yín nísinsìnyí. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí àti orúkọ òbí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí orúkọ ilé ọkọ bá yàtọ̀ sí ti ilé bàbá, tàbí bí akọ̀wé kan bá ti ṣì í kọ, ẹ lọ búra sí i ní ilé-ẹjọ́, kí ẹ sì tún un ṣe kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ẹnu rẹ̀ mu lè na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀rọ láìfòyà.