Iṣẹ́ Obìnrin àti Ìdàgbàsókè Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ìpèsè

Ní ọdún 1900, nǹkan bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló wà nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, wọn kò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló sì ń ṣe iṣẹ́ ìpèsè: ìkọ́ni, ìtọ́jú aláìsàn, òwò, báńkì, ọkọ̀ wíwà, oúnjẹ títà. Allan Fisher (1935) àti Colin Clark (1940) wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bó ti wù kí owó máa wọlé tó, oúnjẹ tí ikùn lè gbà ní ìwọ̀n. Owó tó bá ṣẹ́kù a di ti ilé-ìwé, ti ilé ìwòsàn, ti ìgbafẹ́.

William Baumol (1967) gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ díẹ̀ hun aṣọ púpọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò lè fi ìdajì àsìkò wẹ aláìsàn. Síbẹ̀, owó oṣù nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa bá ti ilé-iṣẹ́ aṣọ rìn, kí ó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń dín òṣìṣẹ́ aṣọ kù, ìpín òṣìṣẹ́ àti owó tó ń lọ sídìí irú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì a máa pọ̀ sí i.

Àlàyé méjèèjì múná dóko, àmọ́ wọn kò béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Margaret Reid ti là á sílẹ̀ ní 1934: iṣẹ́ ilé tí a bá lè sanwó fún ẹlòmíràn láti bá wa ṣe, iṣẹ́ ajé ni, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó ilé ló ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Títí di òní, ìṣirò ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè kì í ka ọbẹ̀ tí ìyá sè fún ìdílé rẹ̀. Bí ìyá náà bá wá ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì, tó mú ọmọ lọ sí jẹ́léósinmi, tó kó aṣọ fún alágbàfọ̀, tó sì ra oúnjẹ lọ́wọ́ olóúnjẹ, iṣẹ́ mẹ́rin ti wọ ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ọmọ náà kò rí ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ ni? Rachel Ngai àti Barbara Petrongolo (2017) fi hàn pé irú ìṣíkúrò iṣẹ́ láti ilé sí ọjà báyìí kó ipa pàtàkì nínú bí iṣẹ́ olówó ṣe pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà.

Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023, ṣàlàyé pé obìnrin a máa ṣiṣẹ́ púpọ̀ nígbà oko, iṣẹ́ wọn a dín kù nígbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bá dé, wọn a sì padà nígbà tí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọ́fíìsì bá gbilẹ̀. Èmi kò rò pé èyí bá ilẹ̀ Yorùbá mu tán. Ìwé Niara Sudarkasa (1973), tó dá lórí ìwádìí rẹ̀ ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, fi òwò hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ obìnrin gan-an. Iṣẹ́ ìpèsè kò dúró de ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan níbí. Ohun tó yẹ ká wádìí ní tiwa ni wákàtí ìyá àgbà, ti orogún àti ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ilé nígbà tí ìyá wà lọ́jà, nítorí òwò ìyá nìkan ni ìwé ìjọba ń wá.