Ogun Ará Mars, Bí A Ṣe Kà Á ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 1897, ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan ní Lọ́ńdọ̀n, Pearson's Magazine, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn kan jáde ní ìpín-ìpín. Oṣù kejìlá ni ìtàn náà parí, ó sì di odidi ìwé ní ọdún 1898. H. G. Wells ló kọ ọ́, The War of the Worlds ló sì pè é. Ìtàn náà ò ta kókó rárá. Àwọn ẹ̀dá kan láti inú ayé Mars já bọ́ sí ìgbèríko kan nítòsí Lọ́ńdọ̀n, wọ́n gbé ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí jáde, wọ́n lé ará ìlú kúrò nílé, àwọn sójà ò rí wọn ṣe. Àìsàn ló pa wọ́n níkẹyìn. Gbogbo fíìmù tí ẹ ti wò tí àjèjì ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ìwé yìí ni bàbá ńlá wọn.

Ìtàn ò le, àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló le. Ará ìlú ẹ̀ ni Wells ń bá sọ̀rọ̀, kò sì ro pé ẹnì kan ní Máfólúkú tàbí Òkòtà máa gbé ìwé òun dání ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kò ṣàlàyé. Ó kàn dárúkọ nǹkan, ó sì kọjá lọ. Àwa tí a ń kà á ní Ìsọlọ̀ ní láti dúró, ká béèrè: kí leléyìí? Àwọn ìbéèrè kan wà tí ìwé atúmọ̀ èdè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí a ṣe ń tọpa wọn lọ, ọ̀nà ń yí padà wá sí Òṣòdì, sí Ìsọlọ̀, sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Torí irú wọn la ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Curate tó ń sunkún kiri inú ìwé náà, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, èyí tó wà lábẹ́ àlùfáà àgbà. Common tí àwọn ará Mars kọ́kọ́ já bọ́ sí, ilẹ̀ gbalasa ni, èyí tí ará abúlé jọ ní ẹ̀tọ́ sí láti fi ẹran jẹ̀. Heliograph ni dígí tí àwọn sójà fi ń ta oòrùn síra wọn láti ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọdé tó bá ti fi dígí ta oòrùn sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lójú rí ti mọ̀ ọ́n. Sovereign jẹ́ owó wúrà, ẹyọ kan ẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan. Schiaparelli ní tiẹ̀ jẹ́ ará Ítálì kan tó ń fi awò wo ìràwọ̀. Ní ọdún 1877, ó rí ìlà lára Mars, ó pè wọ́n ní canali ní èdè tiẹ̀, èyí tó lè jẹ́ ipa omi lásán. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pè é ní canal, ìyẹn omi tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n ń gbé lórí Mars. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kánà yìí sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Èyí tó kọ́kọ́ dá wa dúró pẹ́ ni Tasmania. Ní orí kìn-ín-ní, Wells kìlọ̀ fún àwọn èèyàn ẹ̀ pé kí wọ́n má tíì dá àwọn ará Mars lẹ́jọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ rántí ohun tí àwọn fúnra wọn ṣe fún àwọn ará Tasmania. Erékùṣù ni Tasmania, ó wà ní gúúsù Ọsirélíà. Láàárín ẹ̀wádún mélòó kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní 1803, ogun, àìsàn àti ìlékúrò-nílé ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílẹ̀. Wells kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo wọn ló parun. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà láyé títí dòní. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìwé náà ti wá. Wells àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Frank, ló jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó dé bá àwọn ará Tasmania. Ọ̀rọ̀ náà ló bí ìtàn yìí, Frank ló sì fi ìwé náà jì. Ìbéèrè Wells ò ju ẹyọ kan lọ: tó bá jẹ́ àwa Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún ńkọ́?

Bí ẹ bá ti mú ìbéèrè yẹn dání, ẹ wá wo Maxim. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ogun, Wells ní àwọn sójà gbéra láti Aldershot pẹ̀lú Maxim méjì. Gbólóhùn kan péré ni, ojú sì lè fò ó. Ìbọn ni Maxim. Hiram Maxim, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n, ló ṣe é ní ọdún 1884, ó sì lè yin nǹkan bí 600 ọta ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń kì í lẹ́yọ-lẹ́yọ. Nílẹ̀ Yorùbá, kò di ìgbà tí Wells kọ̀wé ká tó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú pàdé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmagbọ̀n. Ìjà ti pẹ́ lórí ọ̀nà òwò: àwọn Ìjẹ̀bú ló ni ibodè láàárín Èkó àti òkè, wọn ò sì fẹ́ kí àjèjì máa gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Gómìnà Carter ní kí Awùjalẹ̀ máa gba £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Sovereign ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta nìyẹn fún odidi ọ̀nà. Àdéhùn náà ò dúró, ogun sì tẹ̀lé e.

Àwọn Ìjẹ̀bú kì í ṣe ojo o. Wọ́n pọ̀, wọ́n ní ìbọn lọ́wọ́, wọ́n mọ ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun Scott gbé Maxim àti rọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Ní ọjọ́ kejì, Ìjẹ̀bú-Òde ti bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìlú yòókù rí i pé kò sí ohun tí a máa fi dojú kọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1893 ni Carter lọ káàkiri tó ń gba ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin rélùwéè láti Èkó lọ sí òkè, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Irin yẹn náà ló gba Òṣòdì kọjá dòní. Ní oṣù kejì ọdún 1897, oṣù méjì péré kí Pearson's Magazine tó gbé ìpín àkọ́kọ́ jáde, Maxim ti dé Benin, wọ́n sun ìlú náà, wọ́n kó ọ̀ṣọ́ ààfin lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Nínú ìwé Wells, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim, àwọn ará Mars sì gbé ìtànṣán iná tó fi Maxim ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé kan náà, ìbọn kan náà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní Òṣòdì lónìí, ojú ogun yẹn ló ń lọ síhà ẹ̀.

Ibì kan tún wà tó dùn débi pé òǹkàwé máa ń fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi ogun kan, Thunder Child, kọjú sí àwọn ará Mars kí àwọn tó ń sá lè ríbi sá lọ. Ó pa méjì nínú wọn kó tó rì. Ní Òṣòdì, ó yẹ ká rọra pàtẹ́wọ́ ọ̀hún. Òṣòdì tí àdúgbò wa ń jẹ́, orúkọ oyè ni, ìdílé Òṣòdì Tápà ni a sì so ó mọ́. Ọmọ Nupe ni Tápà, ẹrú ni wọ́n mú un wá sí Èkó ní kékeré, ó dàgbà láàfin Ọba Òṣìnlókun, ó wá di olórí ogun fún Kòsọ́kọ́ ọmọ Òṣìnlókun. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, kí Akíntóyè lè padà. Tápà ló wà nídìí àwọn àgbá tí ará Èkó fi dá wọn lóhùn. Wọ́n jà gan-an, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tilẹ̀ fẹ́nu gúnlẹ̀ sínú omi tí kò jìn. Nígbà tó yá, rọ́kẹ́ẹ̀tì kó iná bo ìlú. Ogun Ahóyaya làwọn ará Èkó sọ ọ́, torí ṣe ni gbogbo ìlú ń hó bí ìkòkò lórí iná. Àwọn míì pè é ní Àgídìgbì, ìró àgbá ni wọ́n fi júwe. Kòsọ́kọ́ àti Tápà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni Tápà tó padà, ó sì tẹ̀ dó sí ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dòní. Ó kú ní 1868. Nínú ìwé Wells, ọkọ̀ ogun ni olùgbàlà. Nínú ìtàn orúkọ Òṣòdì, ọkọ̀ ogun gan-an ni ará Mars.

Ìparí ìwé náà wá ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí ló pa àwọn ará Mars, torí ara wọn ò mọ àìsàn ayé yìí. Àwọn kan máa ń ráhùn pé ìparí yẹn rọrùn jù. Àwa ò ráhùn, a ti rí i rí. Ibà ni ògiri tó yí ilẹ̀ wa ká fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta gun odò Ọya ní 1841, tí Àjàyí Crowther wà nínú wọn, òyìnbó tí ibà pa lé ní ogójì láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1854, Dókítà Baikie gun odò kan náà nínú ọkọ̀ Pleiad, Crowther tún wà ńbẹ̀. Baikie fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní oògùn quinine déédéé, ẹyọ òyìnbó kan ò sì kú. Ògiri ti lu nìyẹn. Ohun tí Wells ò kọ ni èyí: ká ní àwọn ará Mars rí quinine tiwọn ńkọ́? Ní Lọ́ńdọ̀n inú ìwé, àìsàn gba ìlú là. Ní tiwa, àjèjì rí oògùn, ó sì dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì, àwọn ló sì wúwo jù fún ará Ìsọlọ̀. Èkíní ni koríko pupa tí àwọn ará Mars gbé wá, tó dí odò Thames títí omi fi kún bo ilẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Èkó béèrè irú koríko tíyẹn jẹ́. Láti 1984 ni ewéko orí omi kan, water hyacinth, ti gba ìhà orílẹ̀-èdè Benin wọ ọ̀sà wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìlú ẹ̀. Ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó ẹ̀ dára lójú, ó sì lè bo omi pátápátá débi pé ọkọ̀ apẹja ò ní ráyè kọjá, àjèjì á sì rò pé ilẹ̀ ni.

Èkejì ni orí tí Wells ti sọ bí ará Lọ́ńdọ̀n ṣe sá. Àwọn èèyàn ò mọ ohun tó ń lé wọn, wọ́n kàn ń tẹ̀lé ẹni tó wà níwájú. Owó wúrà ọkùnrin kan tú dà sójú títì, ó fẹ́ ṣà á, ẹsẹ̀ ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ gun un mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, kò nílò àlàyé kankan lórí orí yẹn. Ilé ìkóhun-ìjà-sí tó wà ní bárékè Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń fọ́. Àwọn kan ní ìdìtẹ̀gbàjọba ni, àwọn kan ní ogun ti dé. Èèyàn fi ẹsẹ̀ sá nínú òkùnkùn, ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ sọ ìyá nù. Ọ̀pọ̀ wọn dé kánà Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀. Ewéko ti bo omi náà, ó sì dà bí ilẹ̀ tútù lójú wọn. Wọ́n kó sí i. Èyí tó wà lẹ́yìn ń ti èyí tó wà níwájú. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, inú omi yẹn ni ọ̀pọ̀ sì kú sí. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá títí dòní.

Kò sí ará Mars kankan níbẹ̀. Ohun ìjà wa ni, nínú bárékè wa, láàárín ilé àwọn èèyàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé Wells àti Ìsọlọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ká pè é ní orúkọ ẹ̀. Ní 1851 àti 1892, àjèjì ló gbé iná wá. Ní 2002, àwa la kó o jọ síbi tí kò yẹ, tí a sì jẹ́ kí ewéko bo omi tó wà lójú ọ̀nà.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ka ìwé yìí kò nílò ẹni tó máa sọ ibi tí Aldershot wà fún un. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan sọ ohun tí Maxim ṣe ní Ìmagbọ̀n fún un. Ní tiwa, ìwé atúmọ̀ èdè lè sọ irú ẹni tí curate jẹ́ fún ọmọ wa, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún un pé inú Ogun Ahóyaya ni orúkọ àdúgbò ẹ̀ ti jáde, tàbí ìdí tí òkúta ìrántí fi wà ní Òkè-Afá. Àwa la máa kọ ìyẹn, ní èdè wa, sí etí ìwé onítọ̀hún, nígbà tí àwọn tó rí i lójú ṣì wà láàárín wa.