"O mà sanra o!": bí ìkíni ṣe di èébú

Láyé àwọn ìyá wa àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, bí obìnrin bá ti ìrìn àjò dé, ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. "O mà sanra o!" Ìkíni ni. Ó túmọ̀ sí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ilé ọkọ tù ú lára. Bí ó bá rù, wọn á fà á sí kọ̀rọ̀ kí wọ́n bi í pé, "Kí ló wà lọ́kàn rẹ?" Ara ni wọ́n wò, ọkàn ni wọ́n ń béèrè.

Àwọn oníṣègùn náà rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1961, Dókítà Thomas Adeoye Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá mọ àwọn àmì ìsoríkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ kì í wọ ọ̀fun, ẹkún ṣáá, okun ń tán. A kàn kì í kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ni. Ní Aro, níbi tí Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa dáná fún un. Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí gan-an. Lójú tèmi, ta ló lè tètè mọ̀ pé ara ń yá ju ẹni tó ń kó àwo kúrò nílẹ̀?

Nígbà tó di November 2001, Agbani Darego gba adé Miss World ní Sun City, Gúúsù Áfíríkà. (Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ yunifásítì wa di Olabisi Onabanjo.) Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ọmọ náà ti tín-ín-rín jù. Àwọn ọmọge rí i yàtọ̀. "Lẹ́pa" di oríkì, "orobo" di èébú. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ilé lọ sí Abigi tàbí Iwopin lè gbọ́ "o mà sanra o" lẹ́nu ìyá rẹ̀, kó má jẹun alẹ́. Ìyá rò pé òun yin ọmọ ni.

Ní 2010, Floriana Luppino àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 15 pọ̀, tó kan ènìyàn 58,745. Ewu ìsoríkọ́ fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i fún ẹni tó sanra jù. Ewu ìsanrajù náà fi ìdá 58 ga sí i fún ẹni tó ní ìsoríkọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ń gbà wá, kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí wọ̀bìà.

Oògùn tún wà níbẹ̀. Olanzapine, tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sanra kíákíá, àwọn obìnrin mìíràn sì ń dá a dúró fúnra wọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni, àìsàn á sì padà. Àwọn oògùn kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ni sanra. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀, bí aláìsàn bá lè la ẹnu sọ pé ara òun ń tì òun lójú.