Ẹ̀jẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí: Ìtàn Bí A Ti Ń Wọn Èéfín Tábà Nínú Ara Ènìyàn

Ẹ̀yin ará wa, àwọn baba wa a máa wí pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, àwa fẹ́ fi hàn yín pé èéfín tábà pẹ̀lú kò ṣeé fi pamọ́ nínú ara ẹni tí ó bá fà á símú, bí ẹni náà kò tilẹ̀ fi sìgá kan ẹnu rí.

Tábà kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Ní ayé òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ láti Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì a máa kó o wá sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó, ní ìdì ńláńlá tí a ti fi omi ìrèké sísè pa lára. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni a sì ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1933 ni a dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ti Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1937. Bẹ́ẹ̀ ni sìgá ṣe di ohun àtẹ ní ìkòríta gbogbo.

Nígbà tí àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ibi tí èéfín yìí ń ṣe, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Bradford Hill bi àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn London léèrè iye sìgá tí olúkúlùkù ń mu, wọ́n sì rí i pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń rìn pọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹnu a máa gbàgbé, a sì máa tijú. Ọmọ ọwọ́ kò sì lè fọhùn. Ta ni yóò jẹ́rìí fún ọmọ náà?

Inú tábà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ní ọdún 1828, Posselt àti Reimann, ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, yọ èròjà olóró kan jáde láti inú ewé rẹ̀, èyí tí à ń pè ní nicotine. Èròjà yìí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀: ní nǹkan bí wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ a máa sọ ọ́ di èròjà mìíràn, cotinine, tí ìdajì rẹ̀ kì í lọ títí di nǹkan bí wákàtí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fa èéfín símú lónìí yóò ru àmì rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 1973, Langone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà tí a lè gbà wọ̀n ọ́n, bí ó tilẹ̀ kéré gan-an. A lè rí i nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀, àti nínú itọ́ ẹnu, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi di dandan kí a gún ọmọdé ní abẹ́rẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí yìí sọ. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà wò láti ọdún 1988 sí 1991, nínú 100 ènìyàn tí kì í lo tábà rárá, nǹkan bí 88 ni a bá cotinine lára wọn. Lẹ́yìn tí òfin lé sìgá kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àti ilé oúnjẹ, tí àwọn amusìgá pẹ̀lú sì dín kù, iye náà ti di nǹkan bí 25 ní 2011 sí 2012.

Ẹ má sì ṣe wí pé àrà òkèèrè ni kí ẹ̀jẹ̀ jẹ́rìí. Ní ọdún 1925, Rockefeller Foundation dá ilé àyẹ̀wò ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yábà níhìn-ín. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kó àrùn yìí, ó sì kú ní Èkó ní 1927. Àwọn tí ó kù gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n fi dán ọ̀bọ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bá gba ọ̀bọ lọ́wọ́ ibà náà, ó hàn gbangba pé olúwarẹ̀ ti ní i rí, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣe ìwádìí ńlá lórí tábà káàkiri Nàìjíríà ní 2012, ìbéèrè ẹnu ni a fi ṣe é. Nínú 100 àgbàlagbà tí ó lọ sí ilé oúnjẹ, nǹkan bí 29 ni ó wí pé èéfín bá àwọn níbẹ̀. Òfin ọdún 2015 ti ka sìgá mímu léèwọ̀ ní ilé ìwé, nínú ọkọ̀ èrò àti ní ilé oúnjẹ. Àmọ́ ẹ wo àwọn ilé oníyàrá púpọ̀ ní Muṣin, tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ń sùn sí yàrá kan, tí fèrèsé wọn sì kọjú sí ti aládùúgbò. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, èéfín ẹnìkan ni èéfín gbogbo wọn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gba ẹlẹ́rìí yìí gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìrántí rẹ̀ kúrú. Kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní èṣí. Kò mọ ìyàtọ̀ láàrin èéfín sìgá àti áṣáà. Kò sì lè dárúkọ ẹni tí ó mu sìgá náà. Nítorí náà, kò yẹ kí a sọ ọ́ di pàṣán tí a ó fi na ìyá ọmọ, nítorí ó lè jẹ́ pé èéfín ẹlòmíràn ni ó ń pa òun náà lára. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń wí: èéfín ti dé ara ọmọ yìí. Ó kù sọ́wọ́ àwa tí a ní ẹnu láti bá ẹni tí ń mu sìgá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó jáwọ́. Bí kò bá sì tíì lè jáwọ́, kí ó bọ́ síta, kí ó jìnnà sí fèrèsé ibi tí ọmọ ń sùn.